Ìjà Ara àti Ibi tí Ẹ̀jẹ̀ ti Ń Ṣẹ̀ Wá

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, kò sí èsì tí àwọn èèyàn máa ń fẹ́ gbọ́ tó èsì PCV, ìyẹn iye ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀. Wọn a gba ìwé náà lójú fèrèsé, wọn a wò ó, wọn a tún nà án padà sí mi pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó?" Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun nílùú wa, bí kò bá jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì ni, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti ní ẹ̀jẹ̀ kò tó, ohun tí aláìsàn yóò jẹ ni ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e. Ìyá tó tẹ̀ lé aláìsàn wá á ti máa dárúkọ poroporo bàbà tí wọ́n ń tà ní ọjà Àràdà, á dárúkọ ẹ̀fọ́ Ìyánà-Ìpájà tí wọ́n máa ń fún omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ mílíìkì, á sì béèrè èwo ló dára jù nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò. N kò lè bá wọn wí. Ìlú tí oríkì rẹ̀ gan-an ń sọ ti ọkà àti ẹ̀kọ yangan, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe àìjẹun ló fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, ó máa ń ṣe àwọn purotéènì kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn purotéènì wọ̀nyí kì í dúró sójú ìjà nìkan. Wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn títí wọn yóò fi dé mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá, wọn a sì yí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa fi oúnjẹ lọ mùdùnmúdùn tí ebi kò pa.

Iṣẹ́ tó ń lọ nínú egungun pọ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ni mùdùnmúdùn ń ṣe jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó gbó. Platelet, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, kì í lò ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ, àwọn neutrophil tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì funfun kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Inú irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń wá, èyí tí mo máa pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọn kò pọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ka ìran àwọn sẹ́ẹ̀lì lára ọkùnrin ẹni ọdún 59 kan tí ara rẹ̀ dá, nípa títọpa àwọn ìyípadà kéékèèké inú jíìnì wọn, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ń bọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà láàárín 50,000 sí 200,000. Ẹ fi èyí wé mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo fẹ́ràn ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wà. Ní Toronto, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, James Till tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti Ernest McCulloch tó jẹ́ dókítà fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn àwọn eku kan, wọ́n wá gún wọn lábẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú egungun eku tí ara rẹ̀ dá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 10, kókó kéékèèké ti hù sára ẹ̀yà inú tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tó máa ń wú lára ọmọ tí ibà bá ń ṣe lemọ́lemọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gún sínú eku bá ṣe pọ̀ tó ni kókó náà ń pọ̀ tó. Ọdún 1961 ni wọ́n gbé èsì yìí jáde, nígbà tó sì di 1963, wọ́n fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì kan péré ni kókó kọ̀ọ̀kan ti hù, bẹ́ẹ̀ oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ yìí kì í ṣe nǹkan kan lójoojúmọ́. Wọ́n ń sùn ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé lára eku, àwọn tí oorun wọn wọra jù kì í pín sí méjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 145, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní gbogbo ọjọ́ ayé eku. Àwọn tó ti gbéra kúrò nípò ìpìlẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì di ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe wàhálà ojoojúmọ́. Èyí kò ní í ṣòro fún àgbẹ̀ oníṣu ní Ìkòyí-Ilé tàbí Ajáàwà láti lóye. Nínú iṣu tó wà nínú àká rẹ̀, ó mọ èyí tí òun yóò jẹ, ó mọ èyí tó ń lọ sọ́jà, ó sì mọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nítorí pé èèbù ọdún tó ń bọ̀ ni. Bí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bá pín, ó lè bí irú ara rẹ̀ kí èèbù má bàa tán, ó sì lè bí èyí tí yóò di ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe iṣu jíjẹ. Ohun tí àwọn purotéènì tí mo ń wí ń ṣe ni pé wọ́n ń pàṣẹ ìgbà tí wọn yóò wọ inú àká, àti bí wọn yóò ṣe kó iṣu tó.

Ọ̀kan tí a ti mọ̀ tipẹ́ nínú wọn ni interferon. Ní 1957, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní London, mú awọ inú ẹyin adìẹ, wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi ooru pa kàn án. Wọ́n rí i pé awọ náà tú ohun kan sínú omi tó yí i ká, ohun náà sì ń dáàbò bo awọ mìíràn kí fáírọ́ọ̀sì má lè ràn nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdílé wọn ti gbòòrò. A ní interferon alpha àti gamma, a ní TNF, a sì ní àwọn interleukin tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè, bí IL-1 àti IL-6. Sáítókáìnì ni orúkọ àpapọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn ló ń mú kí ara gbóná, kí oúnjẹ má wuni jẹ, kí gbogbo oríkèé máa roni, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kà sí ìwà kòkòrò àrùn, ọwọ́ ara wa ló ti wá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò tó gbilẹ̀ ni pé interferon ń dá ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ dúró ni. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nínú àwo ìwádìí, àwọn tí wọ́n sì fi interferon tọ́jú fún àrùn ẹ̀dọ̀ máa ń rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ń lọ sílẹ̀. Ní 2009, Marieke Essers, Andreas Trumpp àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé èsì tó yàtọ̀ jáde láti Heidelberg ní Jámánì. Nígbà tí wọ́n fún eku ní interferon alpha, ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ń sùn jí tí wọ́n sì ń pín. Ọ̀nà tí wọ́n fi dán èyí wò dùn mọ́ mi nínú. Oògùn jẹjẹrẹ kan wà tó ń jẹ́ 5-FU, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín lọ́wọ́ ló ń rí pa. Lára eku tí kò gba nǹkan kan, oògùn náà kì í rí àwọn tó ń sùn mú. Lára èyí tó ti kọ́kọ́ gba interferon, ó rí wọn mú, ó sì pa wọ́n. Wọ́n tún rí i pé bí interferon bá ń wọlé láì dáwọ́ dúró, agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà láti gbé mùdùnmúdùn tuntun dìde máa ń dín kù. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Megan Baldridge àti Margaret Goodell pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní Houston, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé interferon gamma náà ń jí wọn. Kòkòrò àrùn gidi ni àwọn fi ṣe tiwọn, Mycobacterium avium, ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ìyẹn ni pé interferon ń jí wọn lónìí, ó sì ń sọ wọ́n di aláìlágbára bí ó bá pẹ́. Ìgbà ló ya méjèèjì sọ́tọ̀, n kò sì rò pé a lè lóye èsì ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí láì kọ́kọ́ béèrè pé, láti ìgbà wo ni ara yìí ti ń jà?

Bí ìjà bá jẹ́ tuntun, ohun tí mùdùnmúdùn ń ṣe dára. Ká ní wọ́n gbé ọmọdé kan dé pẹ̀lú àrùn bakitéríà tó le. Èmi a kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì, n óò fi etí gíláàsì mìíràn fà á kó tẹ́ tínínrín, n óò jẹ́ kó gbẹ, n óò da àwọ̀ Leishman lé e lórí, n óò sì fi omi ṣàn án títí àwọ̀ aró náà yóò fi mọ́ lára gíláàsì. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, neutrophil tó bá ti gbó, ọkàn rẹ̀, ìyẹn nucleus àárín rẹ̀, máa ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta sí márùn-ún, tí okùn tín-ín-rín so wọ́n pọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, n óò rí ọ̀pọ̀ tí ọkàn wọn kò tí ì pín, tó kàn tẹ̀ kọdọrọ, hóró dúdú yóò sì kún inú wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mùdùnmúdùn kò dúró kí wọ́n gbó kó tó tú wọn síta. Purotéènì tó ń jẹ́ G-CSF wà nídìí ìkánjú yìí, IL-6 náà sì wà níbẹ̀. G-CSF yìí, iṣẹ́ Donald Metcalf àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, wà lára ohun tó jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n, nígbà tó sì di 1991, wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí oògùn fún àwọn tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti gbẹ sẹ́ẹ̀lì funfun wọn. Ìkánjú tí mo ń rí lórí gíláàsì yẹn, n kò lè pè é ní àìsàn. Ọmọ tí mùdùnmúdùn rẹ̀ kò bá lè kánjú bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu.

Ibà tí ẹ̀fọn ń fà kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kòkòrò ibà máa ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dín lára ọmọ oníbà sábà máa ń ju èyí tí kòkòrò bẹ́ lọ. TNF àti interferon gamma máa ń fawọ́ ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì pupa sẹ́yìn nínú egungun, ìdọ̀tí dúdú tí kòkòrò náà ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jẹ ẹ̀jẹ̀ sì ń dá kún un. Bí a bá ka reticulocyte, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, iye rẹ̀ máa ń kéré sí èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé irú PCV tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oògùn bá ti pa kòkòrò, tí ariwo àwọn purotéènì sì rọlẹ̀, reticulocyte á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láàárín àkókò yẹn ni ìyá ọmọ máa ń ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn inú ìgò ló sì ń gba ọpẹ́ ohun tí oògùn ibà ṣe.

Àìsàn tó bá pẹ́ lára ni mo rò pé ó yẹ kí á bá ara wa sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Obìnrin kan mú bàbá rẹ̀ wá láti abúlé kan lọ́nà Ajáàwà. Egbò ti wà ní kókósẹ̀ bàbá náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ti fi ewé dì í, wọ́n ti da lulúù sí i. PCV wọn jẹ́ 27, kò tó. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá ń jẹun o. Ẹ̀fọ́ ni, ẹyin ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, kò sí èyí tí a kò fún wọn." Òótọ́ ló ń sọ. Nígbà tí dókítà tó rán wọn wá ní kí á wo ferritin, tó ń sọ iye èròjà irin tí ara kó pamọ́, ó pọ̀ púpọ̀. Irin wà lára bàbá. Ara ló tì í mọ́lé.

Ohun tó ti irin mọ́lé ni hepcidin, purotéènì kékeré kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní nǹkan bí ọdún 2000. Bí egbò bá wà, tí IL-6 sì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe hepcidin sí i. Hepcidin á wá ti ẹnu ọ̀nà tí irin ń gbà jáde nínú ìfun àti nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kó irin pamọ́. Ó ní ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kòkòrò bakitéríà náà nílò irin láti gbèrú, ara sì ń fi irin du ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá wá ń mu oògùn onírin lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a ti tì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde ni. Mo sọ fún obìnrin náà pé egbò ni kí wọ́n náwó lé, kí wọ́n jẹ́ kí dókítà tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí oògùn inú ìgò sinmi. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó rọrùn láti ra ohun tó pupa, tó dùn, tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ sí lára, ju kí á máa gbé àgbàlagbà lọ síbi ìtọ́jú egbò lọ́jọ́ méjì-méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi da oògùn aboyún nù o. Àìtó irin gidi wà, ó sì wọ́pọ̀ lára aboyún, lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà jù, lára ọmọ tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fún aboyún nílé ìwòsàn, kí wọ́n máa lò ó.

Láti orí sẹ́ẹ̀lì pupa, ẹ jẹ́ kí á padà sídìí ọ̀ràn, ìyẹn àká èèbù fúnra rẹ̀. Ní 2016, Eric Pietras, Emmanuelle Passegué àti ẹgbẹ́ wọn fún eku ní IL-1 lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ yára bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà, nítorí pé IL-1 ń ta purotéènì kan tó ń jẹ́ PU.1 jí nínú wọn. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, agbára wọn láti bí irú ara wọn ń yìnrìn. Nígbà tí wọ́n dá IL-1 dúró, tí wọ́n fún àwọn eku náà ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà gbádùn padà. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2022, Michael Milsom àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ní Heidelberg, gbé ìwádìí mìíràn jáde, nínú èyí tí wọ́n ti mú kí ara eku gbóná lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn bí ẹni tí àrùn ń kọlù léraléra, ohun tí ó sì bàjẹ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kò padà sípò bí ọjọ́ tilẹ̀ ti pẹ́. Èmi kò rò pé èsì méjèèjì tako ara wọn. IL-1 nìkan kọ́ ni àrùn, àrùn máa ń pe gbogbo ìdílé sáítókáìnì jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àwa tí ibà máa ń kọ lù láti kékeré, tó jẹ́ pé kí ara tó sinmi lórí ọ̀kan ni òmíràn ti dé, ó yẹ kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kàn wá ju àwọn eku Heidelberg lọ.

Àìsàn kan wà, aplastic anaemia, tí interferon gamma ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó àká náà tán. Nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò ara a dojú kọ mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀, inú egungun a gbẹ, ọ̀rá ló sì máa ń kù níbẹ̀. Interferon gamma a tún so mọ́ thrombopoietin, tí í ṣe purotéènì tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ró, kò ní í jẹ́ kó rí ibi tó máa dì mú lára sẹ́ẹ̀lì. Oògùn eltrombopag ń ṣe iṣẹ́ thrombopoietin láti ibòmíràn lára ohun kan náà tó yẹ kí thrombopoietin dì mú, interferon kò sì lè di òun lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀ràn fòníkúfọ̀ladìde ló mú gbogbo èyí súnmọ́lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ròyìn pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí èèyàn kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ SS kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 20 lọ dípò 120, nítorí náà mùdùnmúdùn rẹ̀ kò ní ìsinmi. Ohun tó ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá bẹ́ tún ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò jí, tó fi jẹ́ pé iye sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń ga lára wọn lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n pàápàá. Àwọn òbí a máa bi mí bóyá àrùn tuntun ni mo rí nígbà tí wọ́n bá rí nọ́ńbà náà. Hydroxyurea tí àwọn dókítà ń kọ fún wọn máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun náà dín kù, èyí sì wà lára ìdí tí ìrora fi ń dín kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ purotéènì ti di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú lára wọn ni G-CSF. Lára ẹni tí kò ní àrùn yìí, tó fẹ́ fún ẹlòmíràn ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, wọ́n máa ń gún un ní G-CSF fún ọjọ́ mélòó kan kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lè jáde kúrò nínú egungun sínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ gbà wọ́n. Lára ẹni tó jẹ́ SS, G-CSF yìí kan náà a máa sọ neutrophil di púpọ̀, wọn a lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, ìrora tó le gan-an lè bẹ̀rẹ̀, ikú sì wà lára ohun tí àwọn dókítà ti ròyìn. Plerixafor ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Kì í pàṣẹ fún mùdùnmúdùn láti ṣe sẹ́ẹ̀lì kankan, ńṣe ló kàn ń tú ìdè purotéènì CXCL12, tó ń so sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ mọ́ inú egungun. Òun ni wọ́n fi ń kó sẹ́ẹ̀lì jọ fún Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún jíìnì ṣe, tí ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Iye owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn ọmọ tó jẹ́ SS ní 2011. Bí èèyàn bá dúró ní Tákíé tó ronú sí owó méjèèjì, ìbéèrè nípa genotype kí á tó ṣègbéyàwó ṣì ni oògùn tí apá wa ká jù.

Ohun kan ṣì wà tó yà mí lẹ́nu nípa àká yìí. Ní 2018, ìwádìí lára eku fi hàn pé abẹ́rẹ́ BCG, tí àwọn ọmọ wa ń gbà lápá lẹ́yìn ìbí, tó sì máa ń fi àpá sílẹ̀, lè dé inú egungun bí wọ́n bá gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ń yí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ padà débi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n máa bí lẹ́yìn ìgbà náà mọ bí a ṣe ń bá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ jà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Interferon gamma ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Purotéènì tó ń rẹ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá pẹ́ náà ló ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ bí ó bá wá níwọ̀n.

Lára àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Ní 2014, àwọn ìwádìí ńláńlá fi hàn pé lára àwọn tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá ló ní ìdílé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kan tó ti ní ìyípadà nínú jíìnì bí DNMT3A tàbí TET2, tó sì ń gbèrú ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní í ṣàìsàn nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ewu jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti àrùn ọkàn ga lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ní 2021, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Houston fi hàn lára eku pé àrùn tó pẹ́ lára, nípasẹ̀ interferon gamma, ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí DNMT3A wọn ti yí padà láǹfààní láti borí. Interferon ń rẹ àwọn tó dá ṣáṣá sílẹ̀, àwọn tó ti yí padà kò sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀.

A kì í wọn IL-6 tàbí interferon ní yàrá àyẹ̀wò wa. Ṣùgbọ́n ESR wà, tí kò ju kí á gbé ẹ̀jẹ̀ ró nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fún wákàtí kan, kí á wo bí ó ṣe já wálẹ̀ tó. CRP wà, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe nígbà tí IL-6 bá pè é. Kíka reticulocyte wà pẹ̀lú, èyí tó ń fẹ́ àwọ̀ aró kan àti ojú tí kì í tètè rẹ̀. Bí ESR tàbí CRP bá ga, tí reticulocyte sì kéré, a ti mọ̀ pé mùdùnmúdùn ń gbọ́ ohun kan tí kò jẹ́ kó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa, ferritin tó bá sì ga nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò fi hàn pé irin ń dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé bá dé láti ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ PCV nìkan sí fún ẹni tí ara rẹ̀ kò ti dá látọjọ́ pípẹ́, mo máa ń tẹ dókítà rẹ̀ láago láti béèrè bóyá kí á fi mẹ́ta wọ̀nyí kún un. Àwọn mìíràn a ní kí n ṣe é. Àwọn mìíràn a ní owó aláìsàn kò tó, PCV náà ló sì máa ń jáde, tí wọn a tún nà án padà sí mi lójú fèrèsé.